Yàrá Onípákó tí Bàbá Kú Sí

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ara fẹ́ra kù. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú yín, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n mi Àjàyí, mo sì kí gbogbo agbo ilé wa ní Ẹdẹ. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fún Ìyá, kí ó jọ̀ọ́ rọra kà á. Mo fi í sínú ìwé ìròyìn nítorí pé àwọn ará ìlú wa tó wà ní Èkó ń sọ pé mo sọ òkú bàbá mi nù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe níbí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi sùn nínú yàrá tí omi ń wọ̀ nígbà òjò, kí n tó rí òmíràn gbà lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Èbúté Mẹ́ta. Pákó ìrókò ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó ń dán. Inú mi dùn débi pé mo ní kí Bàbá wá wò ó.

Nígbà tí mo mú wọn dé yàrá, wọn ò tètè jókòó. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ pákó náà, wọ́n bi mí pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní ayálégbé mìíràn ni. Wọ́n ní àwọn ò sùn lórí èèyàn rí. A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n ń rìn títí, kí ẹni ìsàlẹ̀ má bàa sọ pé àgbàlagbà Ẹdẹ ò mọ ilé gbé.

Ibà mú wọn lọ́jọ́ Ajé. Òjò ò dá. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sílé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ọwọ́ mi, pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a ó wọ rélùwéè. Wọ́n ní ó dáa. Wọn ò tún bẹ̀ mí mọ́. Ìyá mi, ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo bu omi wá kí wọ́n fi bọ́jú, wọn ò dáhùn.

Mo wá ẹni tí yóò bá mi gbé wọn lọ sílé, kò sẹ́ni tó gbà láti gbé òkú rìnrìn àjò. Mo bẹ ìyá onílé wa, opó aláàánú kan, pé kí wọ́n jẹ́ kí n sin Bàbá sínú yàrá kan nísàlẹ̀, kí Bàbá má bàa sùn níta. Ìyá náà sunkún. Wọ́n ní òfin ìjọba kò gbà á, pé ọkọ àwọn gan-an, itẹ́ òkú ni wọ́n gbé wọn lọ. Ni mo bá fi ọwọ́ ara mi kan pósí Bàbá. Ẹni ìsàlẹ̀ yẹn, tí a kì í tilẹ̀ kí ara wa, òun ló bá mi gbẹ́lẹ̀ ní itẹ́ òkú nínú òjò.

Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ tí ẹ rán dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní ẹ ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá Bàbá. Mi ò lè hú wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó kan pósí pa, mo gé irun orí wọn àti èékánná wọn, mo sì dì í sínú aṣọ funfun. Èmi fúnra mi ni mò ń gbé e bọ̀. Ẹ má tíì dí ilẹ̀ náà. Tí a bá sin ín tán, ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ sí mi, ẹ sọ ọ́.

Ọlọ́run yóò tù yín nínú, Ìyá mi. Òfò kò ní tẹ̀ lé òfò nílé wa. Ẹ bá mi kí àwọn àna wa ní Sekona àti gbogbo ẹni tó bá yín dárò.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní