Hẹ́dífóònù Tí Kò Jẹ́ Kí N Gbọ́ Ìpè Yín

Bàbá mi, onírédíò aláriwo,

Ẹ kú ilé o. Èmi náà rèé, ọmọ yín olóríkunkun. Mo ra hẹ́dífóònù. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín, torí èmi kan náà ni mo máa ń pariwo pé kí ẹ yí rédíò yín wálẹ̀, kí onílé má baà lé wa síta. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ irin ti ba etí yín jẹ́, ẹ kì í gbọ́ nǹkan kan àfi kó hó yèè. Bí ẹ bá pè mí ní Àjọkẹ́, tí mo dáhùn látinú yàrá, òfo ni. Àfi kí n wá dúró síwájú yín, kí n fọwọ́ kàn yín lápá, kí ẹ tó mọ̀ pé mo ti dáhùn.

Ìdí tí mo fi ra hẹ́dífóònù ni pé ẹ ṣì ń pè mí.

Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ gbàù bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin yín, bó bá ti di aago méjì ọ̀sán, tí àwọn bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ń já òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lójú títì Ilo-Awela, mo máa ń gbọ́ “Àjọkẹ́” láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ojoojúmọ́ ni, òjò ì báà máa rọ̀. Ohùn yín ni, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀ tó máa ń wà nídìí rẹ̀. Kò sì sí ẹlòmíì láyé tó ń fi oríkì pè mí. Àbúrò yín obìnrin gan-an, orúkọ inú ìwé ló ń pè mí.

Ṣé ẹ rántí ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ mi ní kékeré? Ẹ ní bí mo bá gbọ́ orúkọ mi lọ́sàn-án gangan, tí mi ò rí ẹnu tó pè mí, mi ò gbọdọ̀ dáhùn. Ẹ ní kí n dúró ná. Ẹ ní ẹni àìrí, ẹ̀ẹ̀kan ló ń pè. Ẹlẹ́ran ara á tún pè. Ìyá yín ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀yin náà sì gbé e wá sí Ọ̀tà wá kọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí ẹ fi mí sílẹ̀, bí aago méjì ọ̀sán, mo wà nídìí máṣíìnì, mò ń rán apá mọ́ ẹ̀wù oníbàárà kan. Mo gbọ́ “Àjọkẹ́” láti ẹ̀yìnkùlé. Orí mi wú! Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti bá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ sí Agbára láti ìdájí, kì í sì í dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ta ló wá ń pè mí? Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, mo dákẹ́ rọ́rọ́, mò ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kejì ò dé. Mo yin ara mi pé mo gbọ́n, mo bá ń rán aṣọ mi lọ.

Òjò ló ṣú tí mo fi jáde lọ ká aṣọ tí mo sá. Mo bá yín nídìí ẹ̀rọ omi, níbi tí ẹ ti máa ń ṣan ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì wà lásán. Ohun ìbotí tí wọ́n fún yín níbi iṣẹ́ nítorí ariwo ẹ̀rọ ṣì wà lọ́rùn yín. Ìgbà tó yá la gbọ́ pé àyà ń dùn yín, tí ọ̀gá yín fi ní kí ẹ máa lọ sílé. Bàbá mi, ẹ ò lágbára ẹ̀ẹ̀kejì mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó kù lẹ́nu yín lẹ fi pè mí, èmi sì jókòó, mò ń dán yín wò bóyá èèyàn ni yín. Ṣé ẹ rò pé mo ti dáhùn, pé etí yín ni kò gbọ́? Àbí ẹ mọ̀?

Àbúrò yín tó wà ní Joju nìkan ni mo sọ ọ̀rọ̀ ìpè yìí fún. Ó gbé ọwọ́ lérí. “Má dáhùn o! Ibi tó lọ lo fẹ́ bá a lọ?” Ó ní kí n yé ronú, pé bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Òun ló ní kí n wá nǹkan dí etí mi bí aago méjì bá ti ń sún mọ́lé. Ẹ̀rù bà mí, mo gbọ́ tirẹ̀.

Bàbá kan wà lábẹ́ bíríìjì Sango tó ń ta nǹkan olórin. Mo ní kó fún mi ní èyí tó máa dí mi létí pa. Ó wò mí. “Orin wo lò ń gbọ́?” Mo ní kí ló kàn án níbẹ̀. “Ó kàn mí o. Ṣé o máa wọ bàtà bọ́ọ̀lù lọ síbi ìgbéyàwó ni?” Ẹ̀rín pa mí. Ó ní àwọn kan wà tí ẹ̀yìn wọn ní ihò, orin á máa jò síta, ariwo ìta á sì máa wọlé. Pé èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí ló máa ṣe mí lóore. Síbẹ̀, eléyìí tó dí náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. “Orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí báàsì rẹ̀ ń lu èèyàn láyà, mú pupa yìí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lò ń gbọ́ nínú orin, sá fún un. Báàsì á gbé ohùn olórin mì.”

Ẹ mọ̀ pé orin ìjọ ni mo fi ń ránṣọ. Mi ò mọ ohun tó gbé ọwọ́ mi dé orí àpàlà yín nínú fóònù mi. Nínú pupa, ńṣe ni olórin náà dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. Aláìníwáyà kan dára gan-an, ṣùgbọ́n apá mi ò ká owó rẹ̀. Bàbá náà bá gbé dúdú oníwáyà kan jáde. Ó ní owó tí wọn ò ná sórí bátìrì, wọ́n ti ná an sórí ohùn. Ó ní kí n mi orí, kí n ya ẹnu dáadáa. Bí kò bá ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan, orí mi ló wà fún. Kò ṣí. Mo gbọ́ bí olórin ṣe ń mí kó tó gbé ohùn sókè. Mo gbọ́ ẹnì kan tó húkọ́ lẹ́yìn ìlù, ikọ́ kan tí mi ò gbọ́ rí nínú orin yẹn láti kékeré. Àwọn agbèrò ń lanu níwájú mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé báyìí ni Sango ṣe máa ń rí fún yín? Bàbá náà gbé dígí sí mi lójú. Ìbotí yín ni mo rí lórí ara mi. Síbẹ̀, mo rà á.

Lánàá ni mo kọ́kọ́ lò ó. Mo gbé e sétí kí aago méjì tó lù, mo tẹ orin, mo kọjú sí iṣẹ́. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, aago mẹ́ta ti fẹ́ lù. Mi ò gbọ́ ìpè kankan. Háà, ó ṣiṣẹ́! Inú mi dùn, mo yin ara mi pé mo gbọ́n.

Bí mo ṣe rò ó báyìí ni mo rántí. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn. Ẹ ti pè mí, mo sì tún jókòó sídìí máṣíìnì. Mo fò dìde, wáyà fa fóònù ṣubú, mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé, mò ń ké pé mò ń bọ̀, mò ń bọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀rọ omi ò tíì yọ láti ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ kan tutù lórí símẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹsẹ̀ ẹyọ kan, láìsí ìkejì. Mo na ọwọ́ síbi tó yẹ kí apá yín wà. Mo sunkún títí ojú ẹsẹ̀ náà fi gbẹ.

Lónìí, mo gbé àga wá síbẹ̀. Hẹ́dífóònù wà nínú páálí rẹ̀. Aago méjì lù, bọ́ọ̀sì já èèyàn sílẹ̀, mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ ewúrẹ́ ará ilé kejì. Ẹ ò pè mí. Ṣé ẹ bínú ni? Ṣé ẹ ti gbà pé ọmọ yín ò ní dáhùn láéláé ni?

Àbúrò yín á bú mi, kò burú. Mi ò ní dá ọjà ọlọ́jà padà, ó dára; màá máa fi gbọ́ àpàlà yín láàárọ̀. Ṣùgbọ́n aago méjì, tiyín ni. Ibi yòówù kó mú mi lọ, mo ti gbà. Lọ́la, màá tún wà lórí àga yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí, Bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó. Mi ò ní dúró de ẹ̀ẹ̀kejì.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ yín, nídìí ẹ̀rọ omi.