Ojú Ìyàwó Atukọ̀

Màmá mi, ẹ kú àárò wa. Ara wa le níbí ní Ọ̀tà.

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kíláàsì mi ń sọ ìwé ìtàn tí Bàbá máa ń kà fún wa nígbà tí a wà ní kékeré di ìwé aláwòrán. Lánàá, ọ̀kan nínú wọn, Ẹfúnkẹ́, ò mọ bó ṣe máa ya ìyàwó atukọ̀ tó ń retí ọkọ rẹ̀ létí odò. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè ya ojú yín?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo jókòó. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà ń dún wọ̀ọ̀ bí omi. Nígbà tó yà á tán, gbogbo kíláàsì sún mọ́ ọn láti wò ó. Ó jọ mí gan-an.

Bàbá Bùkúnmi ń kí yín. Iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó ráyè wálé sọ́dọ̀ wa níbí láti ọdún Àjíǹde. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Ọpẹ́mipọ̀ yín