Mo Ṣí Àṣíborí Kí N Lè Kúnlẹ̀

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Glenn Dale ní Amẹ́ríkà níbí. Mo kí Màmá mi, tí ẹkún ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mò ń sọ lórí fóònù. Mo kí Bùọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ní àwọn máa wá ẹni tó lù mí kàn. Bùọ̀dá, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí gbogbo ẹni tó pín fídíò ibi tí wọ́n ti lù mí yẹn kiri lè kà á. Àwọn kan ní adigunjalè ló fọ́ mi lójú. Àwọn kan ní ọkọ mi òyìnbó ni. Èmi tí mi ò lọ́kọ dúdú, tí mi ò lọ́kọ funfun. Ibi eré ni wọ́n ti lù mí, ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì fi rìn débẹ̀. Ojú mi òsì ṣì wà nínú báńdéèjì bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa tú u, ìgbà yẹn la máa mọ̀ bóyá ó ṣì ń ríran. Bàbá, mi ò gbàgbé ìbéèrè tí ẹ bi mí lórí fóònù. Mo máa dáhùn.

Ẹ mọ̀ pé ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kà ní yunifásítì. Eré ogun tí àwọn ọlọ́lá wọn ń ṣe láyé àtijọ́ ni mò ń kọ̀wé lé lórí. Eré ni wọ́n pè é, àmọ́ ìjà gidi ni. Ọ̀pọ̀ jagunjagun ẹlẹ́ṣin á pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n á máa lé ara wọn láti ìlú kan dé èkejì, gba inú oko olóko. Ẹni tí wọ́n bá mú, àwọn èèyàn rẹ̀ á wá rà á padà. Ẹni tó bá kú síbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò ní sin ín. Orúkọ àwọn tó jà wà nínú ìwé. Mo wá orúkọ àgbẹ̀ tí wọ́n fẹṣin tẹ ẹ̀wà rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí, mi ò rí i. Ó ń bí mi nínú, torí mo rántí ọjọ́ tí màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ yín, tí ẹ kàn jókòó sórí ebè.

Bí mo ṣe wá débi ìjà nìyí. Láàárọ̀ mò ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover, lọ́sàn-án mo wà ní kíláàsì, tí mo bá délé, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Òtútù ọdún tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè. Òtútù nìkan kọ́, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Walter, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà, ló rí ìwé eré ogun lọ́wọ́ mi ní láíbìrì. Ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun máa ń wọ ẹ̀wù irin jà bíi tayé àtijọ́ ní gbogbo Sátidé. Mo tẹ̀ lé e. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di idà mú. Ó máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi nínú ike, ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ tí ò láta, mo sì máa ń jẹ ẹ́ tán. Bàbá, ẹ má jowú.

Ká má purọ́, mo fẹ́ràn ìjà yẹn. Idà wọn ò mú, àmọ́ irin ni. Mo fi ìbínú ọdún mẹ́ta tí mo ti lò nílẹ̀ yìí lu àwọn ọkùnrin níbẹ̀, wọ́n sì lu èmi náà. Èékánná mi méjì ti ya. Mo máa ń délé pẹ̀lú ara wíwú, mo sì máa ń sùn dáadáa.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, mẹ́wàá-mẹ́wàá la pín sí. Apá kejì ni Ọ̀gbẹ́ni Walter wà. Òfin ibẹ̀ ni pé ìjà ò dúró àfi tí adájọ́ bá fọn fèrè. A kọlu ara wa. Irin ń dún lórí irin, ẹnì kan ń bì nínú àṣíborí rẹ̀. Ihò tín-ín-rín lèèyàn fi ń ríran, ẹni tó bá yọ níwájú mi ni mò ń lù. Mo fi gbogbo agbára gbá ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ orí. Ó ṣubú gbì, kò dìde. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, Ọ̀gbẹ́ni Walter ni.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo sáré kọlu Bàbá Káfíńtà ládùúgbò wa tí wọ́n ṣubú. Ẹ ní kí n kúnlẹ̀, kí n jẹ́ kí wọ́n rí ojú mi, kí n ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọwọ́ mi ò dúró bi mí. Mo ju idà nù, mo ṣí àṣíborí, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mò ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ní Yorùbá. Fèrè ò tíì dún. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kyle ti na idà tirẹ̀ sókè láti fi gbá ẹlòmíràn, kò rí i pé orí mi wà ní gbangba. Idà náà bà mí láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ojú. Eegun fọ́, eyín mẹ́ta bọ́, mo tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Ìyẹn lẹ gbọ́ nínú fídíò.

Bùọ̀dá Délé, ẹni tí ẹ ń wá nìyẹn, ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń wá sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo kórìíra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ti wá rẹ̀ mí. Ọ̀gbẹ́ni Walter kàn dákú ni, ara rẹ̀ ti le. Ó ní kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún òun rí, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo dárúkọ yín fún un.

Mo dá lẹ́tà yìí dúró síbí. Ọjọ́ Ẹtì lòní. Wọ́n tú báńdéèjì náà lánàá, wọ́n tan iná sójú mi, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n tún tàn án. Mi ò rí nǹkan kan. Dókítà ní kò ní padà mọ́. Mo sunkún, ojú méjèèjì ló sì sun ún.

Nígbà tí mo sọ fún yín lórí fóònù pé mo kúnlẹ̀, ẹ bi mí pé ṣé ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ mi ló fọ́ mi lójú. Rárá, Bàbá. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, mo máa tún kúnlẹ̀. Àṣíborí nìkan ni mi ò ní ṣí.

Olúwa á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ ó jẹ èrè oko yín, ẹṣin ò ní tẹ̀ ẹ́, màlúù ò ní wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi rẹ Màmá lẹ́kún, ẹ kí gbogbo ará ilé. Tí Bàbá Káfíńtà bá ṣì wà láyé, ẹ sọ fún wọn pé mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà.

Èmi ni ọmọ yín,
Bùsáyọ̀