Ẹ̀dà Mẹ́ta àti Èènì Kan

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run fún ìgbé ayé tó lérè, ni mo fi ń túfọ̀ ẹ̀rọ fídíò yín fún yín. Ó dákẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó kọjá, nínú pálọ̀, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Ó fi rìmóòtù méjì sáyé lọ: ọ̀kan kò ní bátìrì, èkejì kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá ti pàdé níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹnu rẹ̀. Díẹ̀ lára kásẹ́ẹ̀tì yín ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù, Dádì. Mo ti da ohun tó wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sórí kọ̀ǹpútà kí ó tó kú, àfi ìṣẹ́jú mélòó kan tó gbé lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ fi bẹ̀ mí pé kí n bá yín ṣe é. Ẹ máa ń pè mí ní Òṣogbo ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ óò bèèrè iṣẹ́, ẹ óò bèèrè ara, màá sì mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ló kàn. Mo máa ń ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní Pólì lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wà lára ògiri pálọ̀ yín nínú gíláàsì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kàn án mọ́bẹ̀. Ẹ kò fi bú mi rí. Kí ló dé tí ẹ kò fi bú mi?

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ọ̀hún ti wá dé. Láàpútọ́ọ̀pù mi àtijọ́ tí ojú rẹ̀ fọ́ ni mo sọ di ohun tí wọ́n ń pè ní sáfà. Ẹ fojú inú wo kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó kásẹ́ẹ̀tì sí, kí ó wá jẹ́ pé ó ń dá wọn tò fúnra rẹ̀, kí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ àti fóònù Mọ́mì sì lè mú èyí tó bá wù wọ́n níbẹ̀ láìdìde. Abẹ́ àga yín ló wà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mọ́mì fi aṣọ tábìlì bò ó kí òtútù má baà mú un. Mo ṣí i kí ooru má baà pa á. Wọ́n tún bò ó.

Fíìmù kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, èyí tí ẹ yà fún ìjọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje: Ó Dé Láti Kuta. Bíbélì sọ pé ọmọ onínàákúnàá náà kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Epo tó wà nínú bọ́ọ̀sì ìjọ kò kọjá Kuta, tí kò jìnnà sí Ìwó wa níbí, ẹ sì sọ ọ́ di ilẹ̀ òkèèrè. Ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lẹ fi sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà tí ẹ fi dè é lẹ́ẹ̀mejì. Lára àkọ́kọ́ lẹ kọ ÌKẸYÌN. Nígbà tí Pásítọ̀ ní ìran ilé ọtí ti gùn jù, pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbádùn rẹ̀, ẹ gé e, ẹ wá kọ ÌKẸYÌN TÒÓTỌ́. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Obìnrin ní bí aṣẹ́wó bá máa wà nínú fíìmù ìjọ, kó wé gèlè, ẹ tún ibẹ̀ yà, ẹ wá kọ ÌKẸYÌN TÍ PÁSÍTỌ̀ FỌWỌ́ SÍ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lára ẹ̀kẹrin: ÌYÓKÙ. Èyí ni ẹ̀rọ fídíò ń jẹ nígbà tó kú. N kò jókòó tì í nígbà tó ń lọ. Mo wà ní ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ní ọjọ́ Ajé yẹn, Mọ́mì ń bó ọsàn. Wọn kò gbé ojú sókè.

"Mò ń gbàgbé ohùn dádì yín."

Mo ní kò ṣeé ṣe, mà.

"Ẹ̀rín wọn gan-an. Mò ń rí ẹnu wọn tó là, n kò gbọ́ nǹkan kan. Bíi tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gba ohùn lẹ́nu rẹ̀." Wọ́n bó ọsàn náà tán, wọn kò lá a. "Ó wà nínú Ìyókù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bá mi wá a, kó tó di ọjọ́ Àìkú."

Ọjọ́ Àìkú ni ọdún kan tí ẹ lọ máa pé. Mo ní kò sí wàhálà, pé iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe, kò sí òyìnbó tó lè ṣe é. Nígbà tí mo fẹ́ sọ àwọn fáìlì náà lórúkọ, mo rí i pé ọwọ́ mi kò gbà kí n kọ orúkọ iṣẹ́ yín láìkọ́kọ́ dárúkọ yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ kì í ṣíwájú bàbá wọlé. Mo bá fi Dádì ṣáájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Dádì, lẹ́yìn náà Ó Dé Láti Kuta, lẹ́yìn náà ohun tí ẹ kọ sára kásẹ́ẹ̀tì. Sáfà kò mọ ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ rí ló ń gbà pé ó jẹ́ orúkọ fíìmù. Ó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, ó bá fíìmù ilẹ̀ òkèèrè kan pàdé tí orúkọ rẹ̀ jọ Dádì, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ gbé àwòrán rẹ̀ padà wá fún mi. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan lórí ẹṣin, pẹ̀lú ìbọn. Mẹ́rin irú rẹ̀, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ.

Bí Mọ́mì ṣe ti ìpàdé àdúrà dé nìyẹn.

"Ta ni bàbá onírùngbọ̀n yìí?"

"Dádì ni, mà."

Wọ́n wò ó. Wọ́n wò mí. "Ta ló gbé ẹṣin fún wọn?"

Mo lọ ka ìwé ìtọ́nisọ́nà. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan ní Pólì, ṣùgbọ́n a kò kọ́ ìwé kíkà kí nǹkan tó bàjẹ́. Ó ní kí fódà máa jẹ́ orúkọ fíìmù, kí gbogbo ẹ̀dà tó wà nínú rẹ̀ sì fi orúkọ yẹn gan-an bẹ̀rẹ̀, láìyọ kan, láìfi kan kún un. Lẹ́yìn náà ni kí á fa ìlà kékeré kan, kí á wá sọ ohun tó mú ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìyẹn ni pé kí Dádì kúrò níwájú. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín lórí àga níbi tí mo jókòó sí, mo sì pa yín rẹ́ nígbà mẹ́rin.

Dádì, ó ṣiṣẹ́. Mo jókòó, mo ń wò ó bí ẹni tó rí òṣùmàrè. Òyìnbó mẹ́rin pa rẹ́. Àwòrán kan ṣoṣo ló kù, èyí tí mo fúnra mi yàn, ti bọ́ọ̀sì ìjọ lójú ọ̀nà Kuta. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò bi yín pé ẹ̀dà wo lẹ fẹ́: Ìkẹyìn ni, Ìkẹyìn Tòótọ́ ni, tàbí èyí tí Pásítọ̀ fọwọ́ sí. Gbogbo ìjà tí ìjọ jà lọ́dún yẹn wọ abẹ́ àwòrán kan, wọ́n sì ń gbé papọ̀ ní ìrẹ́pọ̀. Ta ló tún lè ṣe irú iṣẹ́ ìpẹ̀tù bẹ́ẹ̀ ní Ìwó?

Ṣùgbọ́n ó ti ka Ìyókù mọ́ wọn. Ó gbà pé ẹ̀dà kẹrin ni, ó fi í pamọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, ìgbàkígbà tí Mọ́mì bá sì tẹ bọ́tìnnì, èyí tí Pásítọ̀ fọwọ́ sí ló ń jáde.

"Ṣé fíìmù ni mo ní kí o fi hàn mí? Mo mọ̀ pé ọmọ náà padà wálé."

Ìwé ìtọ́nisọ́nà ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dà. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn fíìmù, bí wọ́n ṣe yà á, àṣìṣe àwọn òṣèré, ẹ̀rín ẹ̀yìn kámẹ́rà, fódà tirẹ̀ wà tó gbọ́dọ̀ wọ̀. Orúkọ tí ẹ̀rọ náà fẹ́ fún fódà yẹn, tí a bá sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà, èènì ni.

Èmi ni kí n pe bàbá mi ní èènì? Ẹ̀kúnwọ́ tí oníẹ̀wà ń jù lé orí lẹ́yìn tó ti wọn ọjà tán? Mo kọ̀. Odindi ọjọ́ Ẹtì ni mo fi ń fún fódà náà lórúkọ tó yẹ yín. Mo pè é ní Dádì Fúnra Wọn. Ẹ̀rọ náà kò rí i. Mo pè é ní Pàtàkì Jùlọ. Kò rí i. Ohun gbogbo tí mo fi bu ọlá fún yín ló mú yín di aláìsí lójú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo ṣì ń fi fóònù mi tún fódà náà ṣe, Mọ́mì wá dúró lẹ́yìn mi.

"Ṣé inú fóònù yẹn ni o ti ń tún orúkọ rẹ̀ kọ látàná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé kò ṣeé kàn tẹ̀ níbẹ̀, kó sọ̀rọ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí fódà ṣe ń wà nínú fódà. Wọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé tán, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọ ilé ìwé wọn tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń dá ọ dúró. Ẹ̀rù ń bà ọ́." Wọ́n fa àga kan mọ́ra. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Sún síhìn-ín."

Òótọ́ ni, Dádì. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti lè gbọ́ ohùn yín, mo wá fi ìmọ̀ ẹ̀rọ sá fún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ èènì fún wọn, mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọjà tí o sanwó fún, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Èènì ni ọlọ́jà fi ń sọ fún ọ pé òun rí ọ. Kọ èènì síbẹ̀, jàre."

Mo kọ ọ́. Ó jáde lójú ẹsẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlà tuntun kan là sílẹ̀, àwòrán kékeré kan sì wà níbẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ fi bo ojú kámẹ́rà, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó nù ún. Mo rí àpá ọ̀bẹ tó wà lórí àtàǹpàkò yín. Mo ti gbàgbé pé ẹ ní àpá. Mọ́mì ní kí á má tẹ̀ ẹ́, kí ó di ọ̀la.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Díákónì tó ṣe bàbá nínú fíìmù náà tẹ̀lé wa délé. Wọ́n fẹ́ mọ ẹ̀dà tí ẹ ti gé ọ̀rọ̀ wọn kúrò. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni, sà. A jókòó, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ yín kúrò lójú kámẹ́rà. Ojú ọ̀nà Kuta ni, oòrùn mú gan-an. Díákónì ń rìn lọ pàdé ọmọ wọn tó sọnù, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lọ gba ìwé owó orí. Ohùn yín sì dé, láti ẹ̀yìn, ó sún mọ́ wa ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ẹ sáré, Díákónì! Bàbá yẹn sáré, ó wà nínú Bíbélì!"

"Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán."

"Ṣé ẹ̀gún ni? Ọmọ yín ló ń bọ̀!"

Díákónì kò sáré. Ayé mì, ẹ gbé kámẹ́rà lé orí nǹkan kan, ẹ wá jáde síwájú. Dádì, ẹ kò sí nínú àwòrán kankan nílé yìí, ẹ̀yin lẹ máa ń yà á. Ẹ wá dúró síbẹ̀, ẹ kéré lọ́jọ́ orí, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Ẹ wá ẹni tó ṣe ọmọ, ó ti lọ ra àkàrà. Ẹ bá na ìka sí ẹnì kan tó di agboorùn Mọ́mì mú.

"Ìwọ, wá dúró síbí. Ìwọ lọmọ."

Ẹ rìn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ yíjú padà. Ẹ sáré.

N kò tíì rí yín kí ẹ sáré rí. Bàtà yín kan yọ, ẹ kò dúró mú un. Ẹ gbé mi kúrò nílẹ̀, agboorùn àti ohun gbogbo, ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ga, ó sì há lẹ́ẹ̀kan láàárín kí ó tó tún máa lọ. Mọ́mì di apá mi mú. "Òun nìyẹn," ni wọ́n ń wí. "Òun nìyẹn, bó ṣe ń há."

Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bàbá mi máa ń bọ ọmọ wọn lọ́wọ́ ni bí aláṣẹ ilé ìfowópamọ́, pé ẹ kò dì mọ́ mi rí. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń sọ ọ́ dáadáa. Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú rọ́bà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ohun tí ẹ ń bẹ̀ mí fún ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nìyẹn? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti gbàgbé?

Díákónì ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ó yẹ kí n sáré." Wọn kò bèèrè ẹ̀dà tiwọn mọ́.

Mọ́mì ní kí n tún tẹ̀ ẹ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́ títí oúnjẹ fi tutù.

Èmi ni ọmọ yín, tó dé láti Òṣogbo pẹ̀lú agboorùn, tó sì fẹ́ràn yín ju bó ṣe sọ lọ.

ÌKÉDE LÁTI ỌWỌ́ ALÁBÒÓJÚTÓ SÁFÀ

A ń fi tó gbogbo ará ilé àti àwọn tó ń bọ̀ wá kí Mọ́mì létí pé ẹ̀rọ náà tún ara rẹ̀ ṣe ní òwúrọ̀ òní láìgba àṣẹ, ó sì dá orúkọ àtijọ́ padà. Nítorí èyí, òyìnbó onírùngbọ̀n ti padà sípò Dádì, òun àti ẹṣin rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ láti yọ ọ́. Títí di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bèèrè bó ṣe bá ìdílé yìí tan. Ní ti Díákónì tó ti ṣí fìlà kí i, a ti gba tiwọn rò: wọn kò mú awò ojú wá.