Ọṣẹ Ìyá Táíwò àti Ọṣẹ Ìyá Kẹ́hìndé

Ilé Adéníyì,
Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Èkó, kí ó bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí àìsàn. Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òrùlé wa jò ní òjò ọdún yìí, àfi ibi tí ó ti ń jò tẹ́lẹ̀. Táíwò kí ọ. Bàbá Ìjọ náà kí ọ, ó ń béèrè ìgbà tí ìwọ yóò mú ìyàwó wálé, mo sì dá a lóhùn pé èmi náà ń béèrè.

Ìdí tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù ni pé ìyá rẹ máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ sínú fóònù, bí mo tilẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, ìyá rẹ kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ló fà á.

O mọ ọṣẹ dúdú tí ìyá rẹ ń sè láti ìgbà tí ẹ̀yin ìbejì kò tíì hu eyín, tí a ń wé sínú ọ̀rá yẹ́lò, tí a ya obìnrin tí ó gbé ọmọ méjì lé itan sí lára, tí a kọ “Ọṣẹ Ìyá Táíwò” sí. Ṣé o rántí Mojọlá tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ, tí ó lọ ń gbé Ọ̀rányàn? Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ dúdú, inú ọ̀rá yẹ́lò, obìnrin kan gbé ọmọ méjì lé itan, ó sì pè é ní “Ọṣẹ Ìyá Kẹ́hìndé”. Nígbà tí ìyá rẹ bi í, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí a kọ́, ó ní, “Mọ̀mí, ẹ má bínú, èmi náà bí ìbejì. Ṣé kí n wá sẹ́ ọmọ mi ni?” Òótọ́ ni pé ó bí ìbejì, àwa náà wà lára àwọn tó jẹ ẹ̀wà wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà Ọjà'ba bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá ìyá rẹ jà pé ọṣẹ rẹ̀ kò hó mọ́, pé ó ń ta àwọn lára, bẹ́ẹ̀ ti Mojọlá ni wọ́n rà. Obìnrin kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ sú wá láti Bẹẹrẹ, ó jù ú sí ìyá rẹ lẹ́sẹ̀, ó ní kí ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ní ohun tí òun fi tọ́ ọmọ ni wọ́n fẹ́ fi ba òun lórúkọ jẹ́.

Ni Táíwò bá mú wa lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Òkè-Àdó, Edith lorúkọ rẹ̀. Ó ní Mojọlá ti kọ̀wé sí Àbújá pé kí ìjọba fi orúkọ ọṣẹ òun sílẹ̀ bí àmì ọjà, pé a lè takò ó, nítorí pé ìwọ ti fi ti ìyá rẹ sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí o ń ṣe àgùnbánirọ̀. Mo rí ìwé náà. Inú mi kò dùn sí i pé kíláàsì kẹta ni wọ́n fi ọṣẹ obìnrin tí ó jáde ìwé mẹ́fà sí. Edith ní ọ̀wọ́ ọjà ni wọ́n ń pè ní kíláàsì, pé kíláàsì kẹta ni gbogbo ọṣẹ wà, títí kan ti òyìnbó. Mo ní ó dáa, bí ti òyìnbó náà bá fìdí rẹmi, kò burú.

Edith wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dá irú ẹjọ́ yìí. Ó ní wọn kì í to ọjà méjèèjì síra kí wọ́n máa wá ìyàtọ̀ wọn bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, nítorí ẹni tí ó ń rajà kì í rí méjèèjì pọ̀. Ohun tí ó rántí nípa èyí tí ó rà lóṣù tó kọjá ló fi ń mọ èyí tí ó rí lónìí, iyè ènìyàn kì í sì í rántí tán. Wọ́n á wo bí ó ṣe rí lójú, bí ó ṣe dún létí, àti ohun tí ó ń mú wá sọ́kàn, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Wọ́n á wò ó bóyá orí àtẹ kan náà ni wọ́n ti ń tà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi ara wọn bóyá ẹni lásán, tí kì í ṣe òmùgọ̀, tí kì í sì í ṣe ọlọ́gbọ́n àṣejù, lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú. Lọ́yà tí ó yẹ kí ó gbèjà wa ló fẹ́ kí n lọ sọ níwájú ìjọba pé ọṣẹ ìyá rẹ jọ ti Mojọlá! Mo ní kí wọ́n pe obìnrin Bẹẹrẹ wá sọ ọ́. Òun náà kọ̀, ó ní òun kò lè dúró níwájú ènìyàn kí òun ní ojú òun kò ríran.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, a kò sì lọ sí Àbújá, inú kọ̀ǹpútà Edith ni Àbújá wà. Mo wọ agbádá. Nígbà tí alága tó ń gbọ́ ẹjọ́, obìnrin kan, yọ lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà, mo ṣí fìlà, mo sì gbé ìgò mọ́ọ̀tì tútù tí mo rà fún un síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án títí a fi tú ká. Bóyá ààwẹ̀ ló ń gbà.

Lọ́yà Mojọlá, ọmọkùnrin kan, ní Táíwò kò jọ Kẹ́hìndé lójú, kò jọ ọ́ létí. Alága, tí kì í ṣe Yorùbá, ka méjèèjì sókè, ó ní lóòótọ́ wọn kò jọra. Edith ní ní ilẹ̀ wa, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ Ìyá Kẹ́hìndé tí kò ní mọ̀ pé ìyá Táíwò ni, nítorí orúkọ àmútọ̀runwá ni, ọ̀kan ló ń pe èkejì wá. Lọ́yà yẹn fèsì pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ìyá ìbejì Ìbàdàn ti di ẹyọ ènìyàn kan. Alága béèrè bóyá a ní ẹnì kan tí ó ti ṣì í mú rí.

Edith pè mí kí n kàn sọ ìgbà tí ìyá rẹ ti ń ta ọṣẹ. Mo sọ ọ́. Lọ́yà Mojọlá wá bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, Bàbá, ṣé ẹ lè ṣi ọṣẹ ìyàwó yín mú fún ti ẹlòmíràn? Mo ní láéláé, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ là tí yóò ṣì í mú. Edith di ojú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà dúpẹ́, ó jókòó. Ara mi kò gbà á bẹ́ẹ̀, mo nawọ́ sórí tábìlì níbi tí wọ́n kó ọṣẹ méjèèjì sí, mo mú ọ̀kan, mo gbé e sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ní kí alága wo bí ó ṣe ń dán, kí ó wo ojú obìnrin ara rẹ̀, pé ìyàwó mi gan-an ni. Mo gbóòórùn rẹ̀ fún wọn.

Alága ní kí n yí i padà kí òun ka ohun tí a kọ sí i. Ó kà á: Ìyá Kẹ́hìndé.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, òun náà ni. Kẹ́hìndé wa wà ní Èkó.”

Alága kò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdájọ́ jáde, wọ́n ní àwọn kò ní fi orúkọ ọṣẹ Mojọlá sílẹ̀ bí àmì ọjà. Edith bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun kò tíì rí ẹlẹ́rìí bí èmi rí, kí n jọ̀wọ́ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé wọn kò jọra.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ jókòó lẹ́yìn mi ní gbogbo ìgbà náà. Mojọlá wá bẹ̀ ẹ́, ó dárí jì í lójú ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ yan ọ̀rá aláwọ̀ ewé àti orúkọ tuntun fún ọṣẹ Mojọlá. Èmi tí mo jàre ẹjọ́ fún un ni kò dárí jì. Nígbà tí mo béèrè ọṣẹ ìwẹ̀, Táíwò ló rán sí mi, ó ní kí ó sọ fún ẹni yẹn pé ọṣẹ rẹ̀ wà ní Ọ̀rányàn.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra aṣọ bẹ̀ ẹ́, tàbí kí o rà á fúnra rẹ, n kò fẹ́ fi ojú ara mi yan nǹkan fún un lásìkò yìí. Kí o sì pè é. Sọ fún un pé kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Sọ fún un pé ìjọba Àbújá ti wò mí dáadáa, wọ́n sì rí i pé èmi gan-an ni ẹni lásán náà, tí kì í ṣe òmùgọ̀, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe òfin.

Níbi tí wọ́n bá ti ń pín oore, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣi ẹlòmíràn mú fún ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Obed Adéníyì.