Ọmọ Tó Pín Ọ̀nà fún Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́, o kú ìlàkàkà. Bí ó bá jẹ́ orí ìdúró ni lẹ́tà yìí bá ọ, jókòó kí o tó kà á, torí èmi náà jókòó kọ ọ́ ni. Ara wa le. Orúnkún bàbá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀, ewúrẹ́ sì bí méjì, abo ni méjèèjì. Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ dà rú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Nígbà tí o sọ pé ọ̀gá yín fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan péré, pé bí ohùn inú àwọn fóònù orí tábìlì bá ṣì ń já bí òwú tó gbó, kí o palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, mo gbàdúrà títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí o wá ní o ti pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ìpín méjì tí ẹ ń pè ní sọ́bínẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, fóònù ní tirẹ̀, tí ohùn sì ń dún ketekete, tí ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, mo jáde síta, mo kàn dúró, n kò mọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Bàbá rẹ gbọ́ “nẹ́ẹ̀tì”, ó ní àwọ̀n ẹ̀fọn lo gé sí méjì, ó ń bèèrè bóyá o rán etí rẹ̀ dáadáa. Mo ní rárá o, ilẹ̀ inú wáyà ni ọmọ wa ń wọ̀n. O ṣáà ní kọ̀ǹpútà ń gbé ẹrù ńlá, ó lè dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò wúwo, bó bá sì pẹ́ lọ́nà ó ti bàjẹ́. Ó yé mi yékéyéké.

Bó ṣe yé mi ni mo fi kọ̀wé. Èmi ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi àdúgbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì gbé garawa kan wá, obìnrin kan ń rọbí lọ́dọ̀ rẹ̀, àgbá mẹ́jọ ti ọkùnrin oníbúlọ́ọ̀kù kan ló sì bá níwájú. Ọkùnrin náà ní kí ó tò. Nọ́ọ̀sì ń sunkún lórí ìlà. Ni mo bá rántí rẹ. Ẹnu méjì ni ẹ̀rọ náà ní, mo ní kí ẹnu kan jẹ́ ti àgbá, kí èkejì jẹ́ ti garawa. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ òfin yẹn, mo ní bí ọmọ mi ṣe ń ṣe é fún fóònù nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí wọ́n ní obìnrin kì í jẹun nídìí wáyà lọ́jọ́ tí mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi fi rán ọ nílé ìwé, àwọn ló rẹ́rìn-ín jù. Mo ti omi pa, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí aṣọ mi títí wọ́n fi tò sọ́nà méjì.

Kí oníbúlọ́ọ̀kù tó pọn omi kún àgbá kan, nọ́ọ̀sì ti padà dé ọ̀dọ̀ aláboyún náà. Ìyá àti ọmọ wà láàyè. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, wọn ò wọlé, wọ́n ní kí n pe orúkọ iṣẹ́ rẹ fún àwọn. Mo ní sọ́bínẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn ń bọ̀ wá kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ.

O tún ní igba ó lé mẹ́rìnléláàádọ́ta àdírẹ́sì ló wà ní ìpín àwọn fóònù, fóònù ọ̀hún ò sì ju ọgbọ̀n lọ. Jọ̀wọ́, àbúrò rẹ ń wá yàrá. Fún un ní ọ̀kan nínú àwọn tó ṣófo, kí ó má sún mọ́ fóònù tó bá láriwo. Fi owó ọ̀dà díẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè kọ “garawa” àti “àgbá” sára ògiri, torí àwọn kan ti ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ní kí o dúró sẹ́yìn, iwájú ni wàá máa wà. Ọwọ́ rẹ ò ní wálẹ̀, àṣẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ.