Ohun Tó Ń Pa Àkọsílẹ̀ Aláìsàn Rẹ́

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ ní iṣẹ́ wo ló gbà mí lọ́kàn tí n kò fi pè yín.

Àkọsílẹ̀ ń bàjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún ìyá àgbà kan ní oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n wádìí rẹ̀. Mo rí i pé nínú ètò tó ń darí ibi ìpamọ́ kọ̀ǹpútà náà, iṣẹ́ méjì máa ń kọ̀wé sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó kẹ́yìn á sì pa ti èyí tó ṣáájú rẹ́. Mo wá kọ ohun kan tó dà bí àgádágodo sínú ètò náà, kí ọ̀kan máa dúró de èkejì.

Ọ̀gá mi ní, "Ṣé ìyẹn náà ni?"

Mo ní, "Ìyẹn náà ni, sà. Àtirí i ni iṣẹ́."

Àkọsílẹ̀ kankan ò bàjẹ́ mọ́. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ọkọ mi kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi, kò sì sí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún nílé, ni mo bá jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ọkọ mi ń kí yín. Ẹ má pe fóònù rẹ̀ mọ́ tí ẹ bá ń wá mi, torí kì í jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ bá rán an fún mi; tèmi ni kẹ́ ẹ máa pè. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún àbúrò mi pé aṣọ tó rán fún mi dára gan-an, ó kàn tóbi díẹ̀ ni.

Èmi ọmọ yín.